Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọmọ yín ní ìtàn ogun tí Amẹ́ríkà jà nítorí ẹrú, láti abẹ́ Olúmọ níbí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi ó ti pẹ́, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń ṣe lẹ́sìnnì fún àwọn ọmọ SS2 lọ́jọ́ Sátidé nílé mi nítòsí Ìtòkú, Abẹ́òkúta níbí, ìtàn ni mo ń kọ́ wọn, lọ́jọ́ kan lọmọkùnrin kan bá gbé nóòtì ẹ̀ wá pé ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwọn níléèwé. Mo ṣí i. Ìdí mẹ́rin ni wọ́n kọ síbẹ̀ tí ogun náà fi ṣẹlẹ̀: owó bodè, ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀, ìyàtọ̀ àṣà, ìjà àwọn olóṣèlú. Mo wá "ẹrú" nínú ẹ̀ títí, mi ò rí i. Mo ṣí ojú ìwé kejì, ò sí níbẹ̀ náà. Inú mi bàjẹ́ gan-an ni, torí ọmọ tó gbé nóòtì yẹn wá, ọmọ Ẹ̀gbá ni, ìlú tó sì ń gbé yìí, àwọn tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n ń sá kí wọ́n má baà kó wọn lẹ́rú, àwọn ni wọ́n wá forí pamọ́ sábẹ́ àpáta lọ́dún 1830 tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó. Tí ọmọ kan bá wà tó yẹ kó gbọ́ ìtàn ogun yẹn bó ṣe rí gan-an, ọmọ Abẹ́òkúta ni.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń kọ́ ọ lọ́nà tèmi, ó ti tó ìgbà mẹ́rin báyìí pẹ̀lú àwọn ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì ti rí èyí tó ń wọ̀ wọ́n létí àti èyí tí kì í wọlé rárá. Òbí lè lò ó nílé, tíṣà lè lò ó ní kíláàsì. Sátidé mẹ́ta ló máa gbà, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ọmọ tí ebi bá ti ń pa, ojú lásán ló fi ń wò yín.

Ohun tí ẹ máa wá kalẹ̀

Òwú oníkóró lẹ máa kọ́kọ́ wá. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nílé oògùn o, ìyẹn ò wúlò fún wa. Ẹ bi àwọn tó ń ta èlò àgbo lọ́jà Kútọ̀ tàbí níbi tó bá súnmọ́ yín, ẹ sọ fún wọn pé èyí tí kóró ẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ lẹ fẹ́. Ẹ̀kúnwọ́ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ wá okùn tó gùn díẹ̀, ẹ wá ẹ̀wà pupa àti ẹ̀wà funfun, ẹ wá máàpù Amẹ́ríkà, tí ẹ bá lè tẹ̀ ẹ́ ní káfè kó fẹ̀ dáadáa ó dáa, tí kò bá sí, kí wọ́n máa wò ó lórí fóònù. Àti ẹ̀pà pẹ̀lú gaàrí fún ìpanu.

Sátidé àkọ́kọ́: òwú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi Lincoln bẹ̀rẹ̀

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ọ, Abraham Lincoln ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sọ ibi tí wọ́n bí i sí, mo sọ bó ṣe di Ààrẹ, àwọn ọmọ yẹn kàn ń wò mí ni. Ẹni ńlá ò ṣeé fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ẹ fi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ pín òwú fún wọn, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ yọ gbogbo kóró inú ẹ̀, ìṣẹ́jú 15, ẹ wo aago, ẹ má sọ nǹkan kan. Kóró yẹn lẹ̀ mọ́ òwú bí ìgbà tí wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn, èékánná á máa dùn wọ́n, tí àsìkò bá sì pé, ohun tí wọ́n máa rí kó jọ ò ní tó nǹkan. Ìgbà yẹn lẹ máa wá sọ fún wọn pé bó ṣe rí nìyẹn ní apá Gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kó tó di 1793, ẹnì kan lè jókòó ti òwú látàárọ̀ dalẹ́ kó má yọ ju nǹkan bíi pọ́ùn kan lọ. Lọ́dún 1793 yẹn ni Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ya kóró kúrò lára òwú, ohun tó ń ṣe lójúmọ́ fi ìlọ́po púpọ̀ ju tọwọ́ lọ.

Ẹ wá bi wọ́n léèrè: nígbà tí ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe, ṣé ẹrú máa dín kù ni àbí wọ́n máa pọ̀ sí i? Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé wọ́n máa dín kù. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n jiyàn lórí ẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó sọ fún wọn pé rárá o, ńṣe ni wọ́n pọ̀ sí i, torí ẹ̀rọ ò lè gbin òwú, kò lè ro oko ẹ̀, kò lè já a lára igi, òwú sì ti wá di owó, gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá ti rí ni wọ́n fẹ́ gbìn ín sí. Lọ́dún 1790, àwọn ẹrú Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 700,000. Nígbà tó fi máa di 1860, wọ́n ti ń lọ sí mílíọ̀nù 4. Bẹ́ẹ̀ òfin ti de kíkó ẹrú wọ̀lú láti òkè òkun látọdún 1808, tó túmọ̀ sí pé Amẹ́ríkà níbẹ̀ ni wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ ẹrú, ọmọ ọmọ ẹrú, tí wọn ò mọ ibòmíì rí.

Ẹ má sáré kọjá ibí yìí. Ẹ fi Virginia àti Maryland hàn wọ́n lórí máàpù, ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbó nítorí tábà, ẹ wá fi Alabama, Mississippi àti Louisiana hàn wọ́n nísàlẹ̀, ibi tí ilẹ̀ òwú wà. Wọ́n ń ra èèyàn lókè, wọ́n ń lọ tà wọ́n nísàlẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1 èèyàn ni wọ́n kó lọ bẹ́ẹ̀ kí ogun tó dé, ìyá ń lọ, ọmọ ń ṣẹ́kù, ọkọ ò mọ ibi tí wọ́n ta ìyàwó ẹ̀ sí. Òwe tí mo máa ń pa fún wọn níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. Mo máa ń ní kí ọmọ kan tún un sọ, kó wá ṣàlàyé ẹ̀ lọ́rọ̀ ara ẹ̀. Ọmọbìnrin kan sọ lọ́jọ́ kan pé "Àǹtí, ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń wá a," mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó dáa tó ìyẹn.

Ẹ̀wà ló kàn. Ẹ ka 7 funfun àti pupa 1 síwájú wọn. Amẹ́ríkà lápapọ̀ lọ́dún 1860 nìyẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 31 èèyàn, nínú gbogbo èèyàn mẹ́jọ, ẹnì kan ni ẹrú. Ẹ kó ìyẹn kúrò, ẹ wá ka pupa 6 àti funfun 4. Bí South Carolina ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nìyẹn, ẹrú ibẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó wà lómìnira lọ. Mississippi náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n rántí orúkọ ìpínlẹ̀ méjèèjì yẹn torí ó ń bọ̀ wá wúlò. Kí wọ́n tó lọ, ẹ sọ fún wọn pé òwú nìkan ló kó ohun tó ju ìdajì lọ nínú gbogbo ọjà tí Amẹ́ríkà ń tà sókè òkun nígbà yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ń lọ sí England. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ìyẹn sùn.

Sátidé kejì: bí ìjà ṣe dé, àti ogun fúnra ẹ̀

Ọmọ Nàìjíríà kì í pẹ́ lóye apá yìí tí ẹ bá sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ Sẹ́nétì. Amẹ́ríkà ń gba ilẹ̀ kún ilẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ yẹn ń di ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní sẹ́nétọ̀ méjì. Tí ìpínlẹ̀ tuntun bá gba ẹrú láyè, àwọn olówó ẹrú ti rí ìbò méjì sí i nìyẹn. Tí kò bá gbà á láyè, agbára wọn ń lọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ogójì ọdún fà nìyẹn. Lọ́dún 1820 wọ́n fa ìlà kan sórí máàpù pé ẹrú ò gbọdọ̀ kọjá òkè ibí, lọ́dún 1854 wọ́n pa ìlà yẹn rẹ́, lọ́dún 1857 ilé ẹjọ́ tó ga jù dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ Dred Scott, ẹrú tó ní kí wọ́n dá òun sílẹ̀ torí ọ̀gá òun ti mú òun gbé níbi tí kò ti sí ẹrú, wọ́n ní aláwọ̀ dúdú ò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n há gbogbo ọdún yẹn sórí. Ẹyọ kan ni kí ẹ tẹ̀ mọ́ wọn létí, òfin ọdún 1850 tó ní tí ẹrú bá sá lọ sí Àríwá, níbi tí àwọn ìpínlẹ̀ ti fòpin sí ẹrú, dandan ni kí àwọn ará Àríwá bá wọn mú un padà fún olówó ẹ̀, kódà tí òfin ìpínlẹ̀ tiwọn ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ di ìyẹn mú ni pé ẹni tó bá sọ fún ọmọ yín lọ́la pé ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń jà fún, kí ọmọ náà lè bi í pé ẹ̀tọ́ láti ṣe kí ni. Àwọn Gúúsù tó ń pariwo ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ yìí náà ni wọ́n ń fi òfin ìjọba àpapọ̀ fa ẹrú kúrò nínú ìpínlẹ̀ ẹlòmíì. Nígbà tí wọ́n sì dá orílẹ̀-èdè tiwọn sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn pé òfin kankan ò gbọdọ̀ jáde tó máa dín ẹ̀tọ́ níní ẹrú aláwọ̀ dúdú kù. Ó wà níbẹ̀, dúdú lórí funfun.

Wàyí o, Lincoln. Oṣù Kọkànlá 1860 ni wọ́n dìbò yàn án. Ẹ sọ òótọ́ nípa ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ohun tó sọ ni pé ẹrú ò gbọdọ̀ tàn dé ilẹ̀ tuntun, kò sọ pé òun máa dá àwọn tó wà nílẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ South Carolina ò dúró kó dórí àga, ogúnjọ́ oṣù Kejìlá 1860 ni wọ́n yapa, Mississippi tẹ̀ lé e lóṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n fi máa búra fún un lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹta 1861, ìpínlẹ̀ 7 ti lọ. Ẹ rántí ẹ̀wà pupa. Àwọn tí ẹ̀wà pupa wọn pọ̀ jù ló kọ́kọ́ sá jáde.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó yapa fẹnu ara wọn sọ ìdí tí wọ́n fi yapa. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí, torí kò sí ẹni tó lè sọ pé tíṣà ló ń sọ èrò ọkàn ẹ̀. Mississippi kọ ìwé tó ṣàlàyé ara ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ló ti sọ pé ìdúró àwọn so pọ̀ mọ́ níní ẹrú pátápátá, pé ìyẹn ni ohun ìní tó tóbi jù láyé. Ní March 21, 1861, Alexander Stephens, igbákejì Ààrẹ àwọn tó yapa, dìde ní Savannah, Georgia, ó ní ìpìlẹ̀ tí ìjọba tuntun àwọn dúró lé ni pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun, pé ẹrú ni ipò tí ìṣẹ̀dá fi í sí. Ẹ kà á fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ẹ wá ní kí wọ́n ṣí nóòtì wọn, kí wọ́n wo ìdí mẹ́rin tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Okùn ló kù. Ẹ ta kókó 6 sí i, 1860 títí dé 1865, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan di kókó kan mú, kí ẹ máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún ẹ̀, kí ẹni tó di ọdún yẹn mú tún un sọ. Mi ò kì í pẹ́ lórí àwọn ogun yẹn o, mo mọ̀ pé àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn ìbọn àti àwọn ọ̀gágun, ṣùgbọ́n ẹ lè lo gbogbo ọ̀sán níbẹ̀ kí ẹ má dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. April 12, 1861 ni àwọn Gúúsù yìnbọn lu Fort Sumter, odi ológun ìjọba àpapọ̀ létíkun Charleston, South Carolina, ogun bẹ̀rẹ̀, ìpínlẹ̀ 4 mìíràn yapa tẹ̀ lé e, ó di 11. Lóṣù Kẹsàn-án 1862, ọjọ́ kan ṣoṣo ní Antietam, nǹkan bí 23,000 sójà ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ tàbí tí wọ́n wá tì, lápá méjèèjì. Oṣù Keje 1863, wọ́n ṣẹ́gun àwọn Gúúsù ní Gettysburg àti Vicksburg, láàárín ọjọ́ mẹ́rin, apá àwọn Gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí rọ. April 9, 1865, Robert E. Lee, ọ̀gágun Gúúsù, túúbá fún Ulysses Grant, ọ̀gágun Àríwá, ní Appomattox, Virginia. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ ni John Wilkes Booth, ẹnì kan tó ń gbè sẹ́yìn Gúúsù, yìnbọn lu Lincoln, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó kú. Àwọn tó kú nínú ogun náà, àwọn onímọ̀ ìtàn kan ní 620,000, àwọn mìíràn ṣírò ẹ̀ dé 750,000.

Ohun tó yẹ kí ẹ pẹ́ lórí ẹ̀ lórí okùn yẹn ni bí àwọn ẹrú fúnra wọn ṣe yí ogun padà. Ìwé púpọ̀ ló ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n jókòó ni, wọ́n ń retí kí Lincoln wá tú wọn sílẹ̀. Irọ́ ni. Ogun ò tíì pé oṣù méjì tí ọkùnrin mẹ́ta, Frank Baker, James Townsend àti Shepard Mallory, fi wa ọkọ̀ ojú omi lóru lọ bá àwọn sójà Àríwá ní Fort Monroe, Virginia. Olówó wọn ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá wọn padà, Butler, ọ̀gágun Àríwá tó wà níbẹ̀, ní òun ò dá wọn padà, torí ṣebí ẹ ti sọ pé ẹ kì í ṣe ara Amẹ́ríkà mọ́, báwo lẹ ṣe tún ń pe òfin Amẹ́ríkà. Ìròyìn yẹn tàn, èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ wá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún.

Ẹ wá sọ ti Robert Smalls fún wọn, ẹ sọ ọ́ bí àlọ́. Ẹrú ni, ó ń bá wọn tukọ̀ ní Charleston, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Planter, ọkọ̀ àwọn ológun Gúúsù. Òru mọ́jú May 13, 1862, àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun lọ sùn sílé, Smalls àti àwọn ẹrú ẹgbẹ́ ẹ̀ tan iná ẹ̀rọ, wọ́n lọ gbé ìyàwó àti ọmọ wọn níbi tí wọ́n fara pamọ́ sí, ó dé fìlà ọ̀gá ọkọ̀ sórí, ó dúró bí ọ̀gá ṣe máa ń dúró, gbogbo ibi tí àwọn ológun ń ṣọ́ ló ń fun fèrè àmì tó yẹ, wọ́n ń jẹ́ kó kọjá, títí tó fi dé iwájú ọkọ̀ ogun Àríwá, ni wọ́n bá ta aṣọ funfun sókè. Ẹni ọdún 23 ni. Lẹ́yìn ogun ó di aṣòfin ní Washington. Ẹ wo ojú àwọn ọmọ nígbà tí ẹ bá dé ibi fìlà yẹn.

Harriet Tubman náà, obìnrin tó sá kúrò lóko ẹrú tó tún ń padà lọ kó àwọn ẹlòmíì jáde, lóṣù Kẹfà 1863 ló ṣamọ̀nà àwọn sójà gba odò Combahee ní South Carolina, àwọn tó ju 700 lọ ló gba òmìnira lóru ọjọ́ kan.

Nítorí irú àwọn nǹkan báyìí ló ṣe jẹ́ pé nígbà tí ìkéde òmìnira Lincoln jáde ní January 1, 1863, ńṣe ló ń tẹ̀ lé àwọn tó ti ń tú ara wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jà nìkan ni ìkéde yẹn kàn, ìpínlẹ̀ ẹrú mẹ́rin tí kò yapa, kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣí ọ̀nà fún aláwọ̀ dúdú láti wọ iṣẹ́ ológun, nǹkan bí 180,000 ló wọ̀ ọ́, àìka àwọn tó wà lójú omi. Àtúnṣe kẹtàlá sí ìwé òfin ló wá fòpin sí ẹrú ní gbogbo Amẹ́ríkà, December 6, 1865 ló di òfin.

Sátidé kẹta: ẹ gbé e wálé

Tí ẹ bá kọ́ méjì yẹn tí ẹ fi èyí sílẹ̀, àwọn ọmọ á rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ọ̀nà jíjìn ni. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ kó wọn lọ sí Olúmọ, kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n á ti rí ìlú, odò Ògùn àti àwọn òrùlé páànù yẹn.

Ẹ sọ ti ọkọ̀ Clotilda fún wọn. Lọ́dún 1860, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn tí òfin ti de kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà, ọkùnrin olówó kan ní Mobile, Alabama, Timothy Meaher, rán ọkọ̀ yìí lọ sí Wídà létíkun Dàhọ́mì. Èèyàn bí 110 ni wọ́n kó wá, àwọn olùwádìí sì sọ pé Yorùbá ló pọ̀ nínú wọn. Oṣù Keje 1860 ni wọ́n dé, oṣù mẹ́rin péré kí wọ́n tó dìbò yan Lincoln. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Oluale Kossola, ọmọ nǹkan bí ọdún 19, àwọn ọmọ ogun Dàhọ́mì ló ya wọ ìlú wọn láàárọ̀ kùtù, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n kó ìyókù. Dàhọ́mì yìí kan náà ló wá ká àwọn bàbá wa mọ́ ibi odi Abẹ́òkúta lóṣù Kẹta 1851 tí wọ́n lé wọn padà, tí wọ́n tún padà wá lóṣù Kẹta 1864, nígbà tí ogun Amẹ́ríkà ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n tún lé wọn lọ. Ẹ sọ ọ́ kó yé wọn: tí odi yẹn bá wó ni, àwọn tí wọ́n bá kó níbí lè bá ara wọn níbi tí Kossola bá ara ẹ̀.

Oṣù Kẹrin 1865 làwọn sójà Àríwá dé Mobile tí Kossola gba òmìnira. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ padà wálé, wọn ò rówó ọkọ̀. Wọ́n ní kí Meaher fún àwọn ní ilẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé òun ló kó àwọn wá, kò fún wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n fi owó ara wọn ra ilẹ̀, wọ́n dá ìlú kékeré tiwọn sílẹ̀, Africatown ni wọ́n ń pè é dòní. Kossola kú lọ́dún 1935, kò fojú kan ilé mọ́. Lọ́dún 2019 ni wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù ọkọ̀ Clotilda ni wọ́n rí nínú omi Alabama.

Martin Delany ló kàn, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé ẹnì kan rin ilẹ̀ yìí tó padà lọ ja ogun yẹn. Dókítà aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Amẹ́ríkà, òun àti Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, wá sí Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, wọ́n ń wá ilẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lè wá máa gbé, kí wọ́n máa gbin òwú fún ara wọn, kí òwú tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ẹrú nínú lè bá tàwọn Gúúsù du ọjà. Ní December 27, 1859, Aláké Okùkẹ́nù àti àwọn ìjòyè bá wọn fọwọ́ síwèé. Oṣù yẹn kan náà ni Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn níbí, oṣù yẹn kan náà ni wọ́n so John Brown kọ́ ní Virginia nítorí pé ó gbógun ti ilé ìbọn ìjọba kó lè fi dá àwọn ẹrú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Delany mọ Brown, ó wà níbi ìpàdé tí Brown ṣe ní Canada lọ́dún 1858. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ò padà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Delany padà sílé, ó bá Lincoln sọ̀rọ̀ lójúkojú lóṣù Kejì 1865, ó di Méjọ̀ nínú ẹgbẹ́ ológun, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò yẹn láàárín àwọn ọ̀gá tó ń kó sójà lọ sójú ogun. Campbell ní tiẹ̀ padà wá sí Èkó, ó ń tẹ ìwé ìròyìn.

Apá tó le jù ló kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Àwa náà ní ẹrú. Lọ́dún 1860 tí South Carolina yapa, Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn ń jà lórí Ìjàyè, àwọn tí wọ́n kó lójú ogun sì ń di ẹrú. Ẹrú ń ṣiṣẹ́ lóko àwọn ìjòyè níbí. Ìyálóde Tinúbú tí a fi ń yangàn, tó dúró ti ìlú lọ́jọ́ ogun Dàhọ́mì, ó ti ṣòwò ẹrú rí. Ọmọ kan máa bi yín pé ṣé àwa náà burú nìyẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba wa ò wẹ Alabama mọ́, ti Alabama náà ò sì wẹ̀ wá mọ́, Kossola kọjá lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́.

Àwọn ìbéèrè mìíràn tó máa ń jáde: àwọn aláwọ̀ funfun tí kò ní ẹrú, kí ló dé tí wọ́n jà? Òótọ́ ni pé nǹkan bí ìdílé kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ní ẹrú ní Gúúsù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ń retí ọjọ́ tó máa ní, wọ́n sì ti sọ fún un láti kékeré pé bó ti wù kó tálákà tó, ẹnì kan ṣì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ọmọ mìíràn á ní ṣé gbogbo ẹ̀ wá parí ní 1865? Rárá. Ní Galveston, Texas, June 19 ni àwọn ẹrú ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé àwọn ti di òmìnira, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Juneteenth nìyẹn. Aláwọ̀ dúdú dìbò, wọ́n wọ ilé aṣòfin, nígbà tó wá di 1877 ìjọba kó sójà tó ń dáàbò bò wọ́n kúrò ní Gúúsù, àwọn tí wọ́n ti ṣẹ́gun nínú ogun tẹ́lẹ̀ sì padà gba ibẹ̀, ó wá gbà wọ́n ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó tún rí ẹ̀tọ́ ìbò yẹn gbà. Ìyẹn tó lẹ́sìnnì tiẹ̀ fún ara ẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti tì í mọ́ èyí.

Tí ẹ bá fẹ́ dán wọn wò, ẹ má fún wọn ní èyí-tí-ó-tọ̀nà A, B, D, E. Ẹ ní kí wọ́n kọ ojú ìwé kan sí ẹni tó kọ nóòtì ìdí mẹ́rin yẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n lo ẹ̀rí mẹ́ta ó kéré tán. Ọmọkùnrin tó gbé nóòtì wá lọ́jọ́sí lo ìwé Mississippi, ó lo Stephens, ó sì lo òfin 1850.

Kóró òwú tí wọ́n yọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú ìgò, tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ gbìn ín sẹ́yìn ilé níbi tí oòrùn ti ń dé, kóró mẹ́ta mẹ́ta síhò kan. Tèmi hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti ga jù mí lọ, òun làwọn ọmọ ọdún yìí máa já.